Síbí Mélòó?

Ilé tí ọmọ bá ti ń ṣàìsàn, gbogbo ará ibẹ̀ ní í di oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, oníṣègùn kọ́ ni wọ́n ń wá nínú yàrá méjì tí Ọ̀gá Pẹ́ńtà ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Oníṣègùn ti sọ tirẹ̀ tán lánàá. Ẹni tó lè fi nọ́ńbà méjì wé ara wọn ni wọ́n ń wá, wọn ò sì rí i.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọ náà. Ìyá Kékeré ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti ń ro ó láti ọjọ́ mẹ́ta, ibà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Dókítà yẹ etí náà wò, ó ní ó ti gbọgbẹ́ nínú, ó wá kọ oògùn olómi kan sínú ìwé fún wọn: síbí oògùn kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ méje. Ó fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà kan níbẹ̀, 250. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí àárọ̀ ọ̀la kọjá kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Ọ̀gá Pẹ́ńtà dé ilé ìtajà oògùn. Èrò ti tò sẹ́yìn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó ń ta oògùn wo ìwé, ó wo pẹpẹ, ó ní 250 ti tán, 125 ló kù nílẹ̀. Ó ní oògùn kan náà ni, agbára wọn ló yàtọ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí wọ́n bá ti mọ iye tí wọn yóò máa fún ọmọ. Ó béèrè bóyá ó mọ bí yóò ṣe wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi bírò láti kọ ọ́ sára páálí.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ọ̀gá Pẹ́ńtà wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí òun alára tó mọ̀ pé ẹnu òun là. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe é. Ọkùnrin tó lè dúró sórí àkàbà níwájú ilé alájà mẹ́ta láìdi nǹkan kan mú, bí ẹnìkan bá ti pe nọ́ńbà létí rẹ̀ níṣojú èrò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Obìnrin náà fi bírò sílẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Lójú ọ̀nà, ó ń fi ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀. 125, 250, kí ló wà níbẹ̀? Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé òun kì í ṣe ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́, ìgbà tí òun sì jẹ́ ẹ pàápàá, òun ò ṣe é.

Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà tó wọlé. Aṣọ àwọn oníbàárà wà ní kíkójọ sórí àga, ìrẹsì wà lórí iná, Ìyá Kékeré sì wà lórí ibùsùn, ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n gbé omi kúrò, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n pa á dé. Ìyá rẹ̀ dìde, ó mú síbí tó bá oògùn náà wá, ó nù ún.

"Síbí mélòó?" ló béèrè.

Ọ̀gá Pẹ́ńtà gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojú sísán lára rẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kí òun fara balẹ̀ wò ó. Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó wo ara ìgò, ó wo ìwé dókítà.

"Ìdajì èyí lèyí, àbí? Ṣé kì í ṣe méjì la máa fún un? Bí aṣọ ò bá fẹ̀ tó, tó jẹ́ ìdajì fífẹ̀ tèkíní ló ní, ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀ ni mo máa ń rà."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ẹni tí kò mọ nǹkan máa ń rín kí ẹlòmíràn lè rò pé ó mọ̀ ọ́n. "Oògùn kọ́ laṣọ, ìyá ọmọ. Bó bá pọ̀jù fún un ńkọ́? Nọ́ńbà tó kéré, oògùn kékeré nìyẹn, àbí báwo?" Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà ti dá òun náà lójú díẹ̀, lẹ́yìn náà kò dá a lójú mọ́ rárá.

Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Kò pẹ́ nílé ìwé kó tó jáde. Ọkọ rẹ̀ ló ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò sára ògiri, tí ó sì ti sọ fún gbogbo ilé tipẹ́ pé ìṣirò ni iṣẹ́ tí òun mọ̀ jù níbẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé," ló wí, ó sì gbé síbí lé orí tábìlì.

Ni Ọ̀gá Pẹ́ńtà bá fa pẹ́ńsù yọ létí, ó yí ìwé dókítà dé ẹ̀yìn, ó kọ 250, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ 125 sábẹ́ ìlà. Ó wò ó. Ó pa á rẹ́, ó kọ 125 sókè, ó kọ 250 sísàlẹ̀. Ó rántí ìlà náà dáadáa. Ó rántí ẹgba tó máa ń tẹ̀lé ìlà náà. Ohun tó wà láàárín ìlà àti ẹgba ni kò rántí.

Ó bọ́ síta ẹnu ọ̀nà, ó yọ fóònù. Ó tẹ 250, ó tẹ 125, kò mọ èyí tí yóò fi sáàárín wọn, ó bá tẹ àmì ìsọdipúpọ̀ nítorí pé òun ló sún mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ jù. Fóònù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: 31,250. Ó kà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ó lé. Ó wo síbí tó wà lórí tábìlì. Ó wo ìgò tí kò tóbi ju ìkúùkù rẹ̀ lọ. Ó pa fóònù.

Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tí fóònù wí. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára.

"Nẹ́tíwọ̀kì," ni obìnrin náà wí, ó sì ro ìrẹsì rẹ̀.

Ẹkún ọmọ ló pe àwọn ará ilé. Ẹni tó kọ́kọ́ yọjú ni Akọ̀wé Àgbà, ọkùnrin tó ń gbé yàrá òdìkejì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n tí táì kò tíì fẹ̀yìn tì lọ́rùn rẹ̀. Ó gba ìwé, ó gba ìgò, ó na àwọn méjèèjì jìnnà sójú, ó sì fi ohùn ọ́fíìsì kà á jáde: igba ó lé àádọ́ta, àti àrùndínláàádóje. Ìyẹn nìkan ti tó láti dá gbogbo yàrá dúró. Kí ènìyàn tó mọ iye tí àrùndínláàádóje jẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ dé àádóje, kó wá yọ márùn-ún. Ọ̀gá Pẹ́ńtà dé àádóje, ó yọ márùn-ún, ìgbà tó fi máa padà dé, ó ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń wá.

Akọ̀wé Àgbà ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Nọ́ńbà ti di ìdajì, síbí náà gbọ́dọ̀ di ìdajì. Ìdajì nọ́ńbà, ìdajì síbí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn létí débi pé ó ṣòro láti rò pé kì í ṣe òótọ́. Ó fi kún un pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì tí yàrá rẹ̀ fara ti tiwọn ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà, apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ṣì wà lápá rẹ̀. Ó ní ta ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣèṣirò? Síbí kan ni dókítà kọ, kí wọ́n fún ọmọ ní síbí kan. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọmọ náà kò tíì dàgbà sí i láti àná. Akọ̀wé Àgbà ní ẹni tí kò kàwé ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ẹni tó kàwé náà ni kì í pa iná ìta tó bá ti ń wọlé. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí oògùn, ó dé orí iná, ó dé orí ẹni tó ń fi omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà, ó dé orí ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá. Ọ̀gá Pẹ́ńtà dúró sí àárín wọn, ó ń mi orí sí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Òórùn ìrẹsì tó ń jó ló tú wọn ká.

Aago mọ́kànlá ti lù nígbà tí ìyàwó gbé ìkòkò kalẹ̀. Ó fi síbí yọ èyí tí kò jó sínú àwo fún ọmọ, ọmọ kò jẹ ẹ́. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kò yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Kí ni obìnrin tó ta oògùn yẹn sọ gan-an?" ló béèrè.

Ọ̀gá Pẹ́ńtà ní ó fẹ́ kọ ọ́ sára páálí.

"Kí ló dé tí kò fi kọ ọ́?"

"Mo sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n."

"Ó fẹ́ kọ ọ́ fún yín, ẹ ní kó má kọ ọ́."

"Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi."

"Èrò," ni obìnrin náà wí. Ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fún un, ó gbé e lé iwájú orí ọmọ. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún…" Kò parí rẹ̀. Ó dìde, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ń rán aṣọ lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oníbàárà Ọ̀gá Pẹ́ńtà ti pè é lórí fóònù láàárọ̀ náà, pé àjà ilé òun ń retí rẹ̀. Kò gbé e. Ó wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìgò lọ́wọ́ ọ̀tún, síbí lọ́wọ́ òsì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á padà lọ béèrè tó bá yá, tí èrò bá ti fúyẹ́ níbẹ̀. Ààbọ̀, kan, méjì, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n: ó ti ní ìdáhùn mẹ́rin sí ìbéèrè kan ṣoṣo. Nílé ìwé, kò ní ju kan lọ rí, ìyẹn náà kì í sì í jẹ́ èyí tí wọ́n ń wá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ẹlòmíràn, ì bá rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tó kọjá aago kan ni ó ṣàkíyèsí pé ilé ti dákẹ́ jù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dúró. Ìyàwó rẹ̀ ti dìde, ó ń wo ibùsùn. Ìyá Kékeré la ojú sílẹ̀, ó ń wo àjà, kò sunkún, kò béèrè omi, kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣí fèrèsé. Bàbá rẹ̀ béèrè bóyá kí òun pa fèrèsé dé. Kò dá a lóhùn. Bàbá fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, ó gbóná bí ẹ̀yìn ìkòkò.

Ọ̀gá Pẹ́ńtà kò rántí bí òun ṣe dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú títì, ó rí bàtà ìyàwó rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, tirẹ̀ ní ìkejì. Ó ń sáré, ìgò oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, inú sì ń bí i. Sí ìlà, sí ẹgba, sí olùkọ́ tó máa ń ní kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dìde dúró kí gbogbo kíláàsì wò ó. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun kan dáadáa níbẹ̀, kò sì gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ náà: bí ènìyàn ṣe ń sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Èrò kò fúyẹ́ ní ilé ìtajà oògùn. Wọ́n tilẹ̀ pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Ó bẹ̀ wọ́n, ó kọjá lára wọn títí ó fi dé iwájú, ó gbé ìgò lé orí káńtà.

"Mo parọ́ fún yín láàárọ̀," ló wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ìṣirò rárá."

Ọkùnrin kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Pẹ́ńtà gbọ́ ọ, ló bá fi kún un pé òun fi fóònù ṣe é, fóònù ní síbí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀rín náà kò pa á.

Obìnrin tó ń ta oògùn kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè iye tí wọ́n ti fún ọmọ. Ọ̀gá Pẹ́ńtà ní ẹ̀kán kan kò tíì kàn án lẹ́nu. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọ̀dà funfun ti gbẹ mọ́, ó béèrè bóyá akunlé ni. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bí wọ́n bá bomi la ọ̀dà yín, tí agbára rẹ̀ wá ku ìdajì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa kun ògiri kó tó bò?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni Ọ̀gá Pẹ́ńtà wí, kò tilẹ̀ dúró rò ó. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń ṣe ìṣirò yìí lára ògiri àwọn ènìyàn, tí ó sì ń gba owó lé e lórí.

Obìnrin náà fa igi méjì gbọọrọ sára páálí, ó kọ "síbí méjì, ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ" síwájú wọn. Ó fún un ní oògùn ibà pẹ̀lú, ó kọ iye tirẹ̀ náà. Ó ní bí ara ọmọ kò bá tíì rọlẹ̀ títí aago márùn-ún, tàbí bí kò bá lè gbé oògùn mì, kí wọ́n gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá Pẹ́ńtà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Akọ̀wé Àgbà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó ń gòkè bọ̀. "Ààbọ̀ ni, àbí?" ló béèrè.

"Méjì ni, Bàbá."

Akọ̀wé Àgbà fọwọ́ kan táì rẹ̀. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ láìti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó gba ìgò, ó wo igi méjì tó wà lára páálí. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀dà, bí omi ṣe ń dín agbára rẹ̀ kù, bí ènìyàn ṣe ń kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ fọwọ́ júwe rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin. Kò dárúkọ aṣọ. Ó kàn wò ó, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbójú kúrò, ó sì wọn síbí kìíní, ó wọn ìkejì. Ìyá Kékeré gbé e mì, ó sì fajú ro.

"Wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Aago méjì la wà yìí. Ìgbà wo ni òmíràn?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọ̀gá Pẹ́ńtà ti fẹ́ẹ́ sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, ó na ìka mẹ́jọ síta lórí orúnkún rẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè: mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a kà á. Nígbà tí wọ́n dé mẹ́wàá, ìka ti tán, wọ́n sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè dá wọn lójú.

Kó tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, òógùn ti bo iwájú orí Ìyá Kékeré, ara rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Ó jẹ ìrẹsì síbí kan, ó ní ó ń rùn bí èéfín. Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ pé kí bàbá òun lọ bọ́ bàtà obìnrin tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ibi tó ti ń bọ́ ọ ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Akọ̀wé Àgbà ni. Ó mú páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ dání, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ kí Ìyá Oníbúrẹ́dì má baà gbọ́. Ó ní lóṣù tó kọjá, wọn ò rí èyí tí òun máa ń lò, wọ́n fún òun ní oògùn kan náà tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Mẹ́wàá ló wà lára ti àtijọ́, márùn-ún ló wà lára èyí. "Mo ti ń dá a sí méjì láti ìgbà náà," ló wí. "Ìlàjì láàárọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí sì ń fọ́ mi." Ó na páálí náà sí i. "Bá mi wò ó."

Ọ̀gá Pẹ́ńtà wo nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ó rò ó. Ó wo ojú bàbá náà, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ó jọ pé mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ wọ bàtà yín, ká jọ lọ béèrè."

Akọ̀wé Àgbà dúró. Ó béèrè bóyá èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ nírú àkókò yìí.

"Wọ́n máa ń pọ̀, Bàbá. Wọ́n pọ̀ gan-an ni," ni Ọ̀gá Pẹ́ńtà wí, ó sì di bàbá náà lápá mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.